Ìyá Tó Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Pé Kó Máa Pe Òun Ní Àǹtí

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ni Màmá Gu Malsun, ìyá ọkọ Pyo Yeonju, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a jọ ń fi ata pa kábéèjì tí wọ́n máa ń tọ́jú jẹ nígbà òtútù, lẹ́yìnkùlé wọn ní erékùṣù Yeongdo, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2015. Lẹ́yìn náà, Yeonju fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Kọ ọ́ síta. Má bò mí láṣìírí níbi tí mo ti ṣe àìdáa, má sì jẹ́ kí n dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ níbi tí mi ò ti bẹ̀bẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Yeonju ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí kó tó bímọ. Nígbà tí oyún rẹ̀ hàn, ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà ní kó lọ sinmi díẹ̀ nílé, ìsinmi náà sì di ọdún márùn-ún. Ọkọ rẹ̀, Ban Gidong, ń bá ọkọ̀ apẹja ńlá lọ sójú òkun. Bó bá lọ, ó di ẹ̀yìn oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Yeonju, ọmọbìnrin wọn Narae, àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé.

Ó wá iṣẹ́ títí. Kò síbi tó dé tí wọn ò bi í bóyá ó lọ́mọ. Bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń bi í á pa ìwé rẹ̀ dé, á ní àwọn á pè é. Wọn kì í pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2014, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti kóòtù dúdú tí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń wọ̀, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àkàrà ẹja nítòsí afárá. Wọ́n ń wá ẹni tí á máa gba fóònù àwọn oníbàárà.

Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ń jẹ́ Ok Chungil, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó tì í ni Heo Gyeongsuk, olórí ẹ̀ka títà, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò sì lọ́kọ. Wọ́n bi í nípa kọ̀ǹpútà, ó dáhùn. Wọ́n bi í bó ṣe máa ṣe sí oníbàárà tó ń pariwo lórí fóònù, ó dáhùn, inú wọn sì dùn sí i.

Ọ̀gá Ok wá ní, "Ṣé o ti lọ́kọ?"

Yeonju sọ fún mi pé òun rí ìdáhùn méjèèjì níwájú òun bí ìlẹ̀kùn méjì. Ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ọ̀nà ilé ni.

"Rárá, sà."

"Ọ̀rẹ́kùnrin ńkọ́?"

"Mi ò ní."

Ọ̀gá Ok bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Àwọn tó lọ́mọ, bí ọmọ bá kàn sín báyìí, wọ́n ti ń wá báàgì wọn kiri."

Yeonju bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín yẹn dun òun ju irọ́ náà lọ.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà yọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ o. Ó ti bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sílé kó tó jáde. Ó fẹ́ kí n kọ èyí náà.

Wọ́n gbà á síṣẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ilé wọn ò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba àdúgbò wọn kọjá, wọ́n ń ra ewébẹ̀ níbi tí Yeonju ti ń ra ewébẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Narae. Ó lọ bẹ àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n máa pe orúkọ òun gan-an. Wọ́n rò pé òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà, wọ́n sì gbà. Ó wá ku ọmọ.

Màmá Malsun ń to ẹja sórí okùn láti sá a lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ.

"Ìyá Narae, kí lo ń kọ́ ọmọ yìí?"

"Eré ni, Màmá."

"Irú eré wo?"

Narae ló dáhùn. "Màmá Àgbà, tí a bá wà níta, Màmá á di Àǹtí. Tí a bá wọlé, á padà di Màmá."

"Họ́wù! Ṣé ìyá rẹ ti di àjẹ́ tó ń pàwọ̀ dà ni?"

Narae rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá Malsun kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó ní, "Tí o bá fẹ́ purọ́ fún ọ̀gá rẹ, pa á. Èmi náà purọ́ fún àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ẹnu ọmọ ṣe é."

"Màmá, oṣù mẹ́ta péré ni. Tí wọ́n bá ti fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, màá sọ fún wọn."

"O ti gbọ́ tèmi."

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Kí nìdí? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rù wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ ọn. Ó mọ ohùn àwọn ìyá arúgbó tó ń ta àkàrà ẹja tí wọ́n fi igi gún lẹ́bàá ọ̀nà, ó mọ èyí tó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nípa orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, àti èyí tó kórìíra ọ̀rọ̀ gígùn. Lọ́sàn-án, òun àti Jo Miran, akọ̀wé tó jókòó tì í, á jọ lọ jẹun, Miran á máa sín ọ̀gá Ok jẹ títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Olórí ẹ̀ka Heo máa ń gbé èso wá fún un láti abúlé wọn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó ẹnikẹ́ni kọ́, ìyá ẹnikẹ́ni kọ́.

"Mo gbádùn rẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n bú mi. Mo gbádùn kí n má jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin ń gbádùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, òun àti Narae ń yan ewébẹ̀ nígbà tí Heo yọ sí wọn. Yeonju ò tíì la ẹnu tí Narae ti tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Àǹtí mi nìyí."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" ni Heo wí. "Ẹ jọra! Ẹ wo imú!"

Inú Heo dùn sí ọmọ náà débi pé ó ra wàrà aládùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. Lọ́nà ilé, Narae fa ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"O ṣe é dáadáa."

"Tí mo bá tún ṣe é, ṣé wọ́n á tún ra òmíràn fún mi?"

Ọmọ náà ń fa wàrà rẹ̀ lọ, ó ń fò lórí àwọn ìlà ojú ọ̀nà.

Irọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ. Heo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan, Jaeuk, tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì rí ìyàwó. Heo wo Yeonju títí, ó wá wo Jaeuk.

"Ẹ kàn pàdé lẹ́ẹ̀kan," ló ń wí. "Ìwọ náà ò lè máa dá sùn títí ayé."

"Ọ̀gá mi, mi ò tíì ronú ọkọ."

"Ta ló ní kó o ronú? Oúnjẹ ni kó o lọ jẹ."

Yeonju yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, Heo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti dájọ́. Yeonju lọ.

Ó ní òun ti pinnu láti lé ọkùnrin náà sá. Ilé ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ó kó aáyù tútù sẹ́nu lójú rẹ̀, ó ń fi ẹnu kíkún sọ̀rọ̀, ó mu omi ọbẹ̀ títí abọ́ fi gbẹ, ó sì gùnfẹ̀.

Jaeuk wò ó, ojú rẹ̀ ń dán.

"Àwọn obìnrin tí wọ́n ń mú wá bá mi kì í jẹun rárá," ló wí. "Ìrẹsì kan, ìrẹsì kan, bí ẹyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bu ẹran sí i?"

Ọjọ́ kejì, Heo gbá a mọ́ra nílé-iṣẹ́. "Jaeuk ní òun ti rí ìyàwó! Kí lo ṣe fún ọmọ mi?"

Miran rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Yeonju náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló lọ parí tirẹ̀ sí, omi ẹ̀rọ sì ni ó ṣí kí wọ́n má gbọ́ pé ẹkún ló ti dà. Gidong wà lójú òkun. Kò tíì sọ fún un.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á jẹ́wọ́ fún Heo.

Ọ̀sẹ̀ náà ò jẹ́ kó jẹ́wọ́ nírọ̀rùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní yàrá kan tí àwọn ọmọdé ti máa ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ àkàrà ẹja. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, nínú oṣù kẹwàá, ẹni tó máa ń bójú tó wọn ń ṣàìsàn. Heo na aṣọ ìdáná sí Yeonju.

"Lọ bá wọn ṣe é. O mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀."

Bọ́ọ̀sì dúró. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fìlà òfeefèé, wọ́n di okùn kan mú kí wọ́n má baà sọnù. Narae wà láàárín wọn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń mú ọmọ náà lọ sílé ìwé tó sì máa ń lọ mú un bọ̀, nítorí náà olùkọ́ ò mọ Yeonju lójú. Ohùn lórí fóònù nìkan ló mọ̀. Màmá Malsun ni wọ́n sì sọ fún nípa ìrìn àjò náà. Ó ti rò pé Yeonju mọ̀, nígbà tó ṣe pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Narae rí i. Ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀ kedere, lẹ́yìn náà ni ó ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan. Ó tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe, ó sì bá wọn jókòó.

Wọ́n mọ ẹja lílọ̀ náà bí ìràwọ̀, bí ehoro. Heo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀gá Ok, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́; fìlà tí gbogbo wọn dé kò jẹ́ kó dá Narae mọ̀. Yeonju ń kó àwọn tí wọ́n ti mọ sínú ìkòkò tí wọ́n ti ń fi ooru omi sè wọ́n. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n má sún mọ́ ọn. Nígbà tí Narae rí i pé ehoro tirẹ̀ fẹ́ yí ṣubú lórí àwo, ó na ọwọ́ láti dì í mú, ooru sì fọ́n sí i lọ́wọ́.

Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé.

Wọ́n sáré gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi tútù. Ọwọ́ náà pọ́n. Olùkọ́ ti yọ fóònù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá rẹ̀."

Fóònù gbọ̀n nínú àpò aṣọ ìdáná Yeonju.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò. Kò yọ fóònù náà síta. Ìka rẹ̀ wá bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù náà sì dákẹ́.

"Kò gbé e," ni olùkọ́ wí.

"Àwọn ìyá òde òní!" ni ọ̀gá Ok wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bóyá ó wà nílé onírun."

Narae ló gbèjà rẹ̀. "Kò sí nílé onírun. Màmá mi wà níbi iṣẹ́. Ẹ má pè é, wọ́n á bá a wí." Ó wá gbé ojú tó kún fún omi sókè, ó na ọwọ́ pupa náà sí ìyá rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fẹ́ ẹ."

Ó wí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò ṣì í pè. Ọmọ tí ooru jó, tí ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ń pè é ní Àǹtí, ó tún ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Yeonju kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀.

"Pè mí ní Màmá," ló wí.

Narae wo Heo, ó wo ọ̀gá Ok. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n ìta nibí."

"Mo mọ̀. Pè mí ní Màmá."

"Màmá," ni ọmọ náà wí. Nígbà náà ló wá sun ẹkún tó ti ń gbé mì.

Yeonju gbé ọmọ náà sápá, ó dìde, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo bí i. Mo lọ́kọ. Mo ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, màá sì padà wá lọ́la."

"Ọkọ?" ni Heo wí. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Ọkọ wo? Jaeuk ńkọ́?"

"Mo ṣẹ̀ yín, ọ̀gá mi. Mo ṣẹ Jaeuk."

"O jẹ oúnjẹ rẹ̀!"

"Mo jẹ ẹ́."

Ó gba àárín wọn kọjá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní jíjó náà ò jinlẹ̀, kò ní ní àpá. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ náà tán, Narae ní, "Ṣé mo ba eré náà jẹ́ ni?"

"Rárá. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Eré yẹn ò dáa. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú."

Ọmọ náà rò ó wò. "Wàrà yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n á gbà á padà?"

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó pe Gidong lórí fóònù ọkọ̀ ojú omi, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan Jaeuk. Gidong pa fóònù náà. Ọjọ́ kejì ló tó pè padà.

"Kí ni ọkùnrin yẹn rà fún ọ?"

"Ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀."

"Lásán lásán? Akàn ni èmi rà fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́." "Inú ń bí mi o. Tí mo bá dé, màá bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n má kúrò níbi iṣẹ́ yẹn nítorí tèmi."

Yeonju padà síṣẹ́ bó ṣe wí. Ọ̀gá Ok pè é wọlé, ó ti abala ìwé funfun kan sí i.

"Kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Kọ ọ́ pé o nílò àyè nínú ilé rẹ. Kò ní sí ariwo."

"Mi ò nílò àyè, sà. Iṣẹ́ ni mo nílò."

"O purọ́ níwájú mi!"

"Mo purọ́, sà. Àwọn ọkùnrin tí ẹ gbà lóṣù yẹn ńkọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lọ́mọ?"

"Kí nìyẹn kàn?"

"Ọ̀kan nínú wọn ní ìbejì. Ṣé ó ti wá báàgì rẹ̀ kiri rí?"

Ọ̀gá Ok ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Tí o ò bá kọ ọ́, a ó lé ọ."

"Ẹ lé mi, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò ní fọwọ́ ara mi lé ara mi."

Ó lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́. Wọ́n ní òfin ò gbà kí wọ́n lé obìnrin nítorí pé ó lọ́kọ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀gá Ok náà ti lọ béèrè, torí kò lé e. Ohun tí wọ́n ṣe ni ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ wa máa ń ṣe. Wọ́n yọ fóònù rẹ̀. Wọ́n yí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọn ò fún un níṣẹ́ kankan. Owó oṣù ń wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe báyìí fún, kì í pẹ́ kó tó sá lọ.

Ó wo ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fọ́tò Narae wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Yọ ọ́," ni Heo wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ nìyẹn láti ọjọ́ náà.

"Ògiri ni ẹ fún mi, ọ̀gá mi. Mo ń tún ilé mi ṣe."

Nílé, ó máa ń sunkún. Màmá Malsun á gbé ọbẹ̀ ewé òkun síwájú rẹ̀, á ní, "Jẹun. O ò lè fi inú òfìfo bá ògiri jà." Ní àárọ̀, á gbé báàgì rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo kí àdúgbò gbọ́: "Ìyá Narae! Ó dàbọ̀ o! Kí ògiri náà!"

Òtútù dé. Ní ọjọ́ kan, Miran gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lákòókò oúnjẹ, ó ṣí abọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ," ni Yeonju wí. "Wọ́n á rí yín."

"Kí wọ́n rí mi. Mo ti lóyún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé mi wá síbí náà, ó kéré tán, màá ti mọ ẹni tí a jọ máa wo ògiri."

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Heo bá Yeonju níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn.

"Nígbà tí mo wáṣẹ́ wá síbí," ni Heo wí, "bàbá ọ̀gá yìí ló bi mí bóyá mo lọ́kọ. Mo ní mo ní àfẹ́sọ́nà. Ó ní kí n yan ọ̀kan. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì yan iṣẹ́. Ìwọ purọ́, o ní ọkọ, o ní ọmọ, o tún fẹ́ ní iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́?"

"Ojú ń tì mí nítorí Jaeuk, mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ bínú sí mi lórí ìyẹn títí ó fi tó yín. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gba àfẹ́sọ́nà yín lọ́wọ́ yín, ọ̀gá mi."

Heo wò ó nínú dígí fún ìgbà pípẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

Kò pẹ́ tí Seollal, ọdún tuntun wa, fi sún mọ́lé, nígbà tí gbogbo ilé ń ra ẹ̀bùn fún mọ̀lẹ́bí. Fóònù ò sinmi. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ti há lóhùn, oníbàárà ń pa fóònù, wọ́n ń lọ rà níbòmíràn. Yeonju jókòó, ó ń wo ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kan, Heo wọ yàrá ọ̀gá àgbà. Kò ti ìlẹ̀kùn dé, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, fóònù ń dún, èèyàn kan ń wo ògiri. Ṣé ògiri yẹn ń ra àkàrà ẹja ni?"

"Ìwọ náà wá ń gbè é? Lẹ́yìn ohun tó ṣe fún ẹbí rẹ?"

"Mi ò gbè é. Mi ò tíì dárí jì í. Ìyẹn wà láàárín èmi àti òun. Ṣùgbọ́n wọ́n bi èmi náà ní ìbéèrè yẹn nínú yàrá yìí, lórí àga yẹn gan-an, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi. Ẹ dá a padà sídìí fóònù, tàbí kí ẹ yí tábìlì tèmi náà kọjú sí ògiri. Ẹ ó wá máa dá ta àkàrà yín."

Ọ̀gá Ok gbà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó dà bíi pé òun gbà. Ó ní Yeonju gbọ́dọ̀ dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpàdé òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó tọrọ àforíjì.

Yeonju ní kí n sọ ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ kí n tó parí rẹ̀. Kò ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má purọ́ fún ẹni tó bi yín ní ohun tí kò kàn án. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó ní kí n sọ ni pé kí ẹ má gbé ìdajì irọ́ yín lé ọmọ lọ́wọ́ láti bá yín rù, nítorí ọmọ á rù ú dáadáa, kò ní sọ ọ́ sílẹ̀ kódà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń jó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé náà, gbogbo wọn dúró yíká, àwọn tó ń dín àkàrà nínú aṣọ funfun, àwọn awakọ̀, àwọn akọ̀wé. Yeonju bọ́ síwájú. Òrùka rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún Heo, ó sì pẹ́ níbẹ̀. "Ọ̀gá Heo, mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ará ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Heo ò dáhùn, ṣùgbọ́n ó mi orí díẹ̀.

Yeonju nà dúró. "Ẹni kejì tí mo ṣẹ̀ ni ọmọ mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nílé. Kò sí ẹlòmíràn tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ nínú ilé yìí. Tí ẹ bá sì tún bi obìnrin mìíràn bóyá ó lọ́kọ kí ẹ tó fún un níṣẹ́, kí ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá fún yín ní èsì tí ẹ fẹ́ gbọ́."

Ẹnìkan nínú àwọn tó ń dín àkàrà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a dúró. Ọ̀gá Ok la ẹnu. Fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nídìí tábìlì. Wọ́n wo ara wọn. Yeonju kò dúró kí wọ́n ní kó máa lọ. Ó rìn dé ibẹ̀, ó fa àga, ó sì gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ o. Pyo Yeonju ló ń sọ̀rọ̀. Kí ni kí á kó wá fún yín?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2015 ni.